Àpò Ìsùn Tó Fẹ̀ Jù

"Dúró dáadáa kí n wò ó," ni ìyá mi wí láàárín ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo èèyàn.

Mo dúró dáadáa. Ó na àpò ìsùn náà sí mi lára láti orí títí dé ẹsẹ̀, ó sì tún ṣẹ́ kù nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Inú ìyá mi dùn gan-an. Ẹni tó bá mọ ìyá mi, Ganiyat ọmọ Ìbàdàn, yóò mọ̀ pé ohun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ yẹn gan-an ni èrè ọjà lójú rẹ̀. Gbogbo aṣọ tí mo wọ̀ láti kékeré, ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń gbálẹ̀, ọdún kejì ló máa ń bá mi mu, ọdún kẹta ló máa ń há mi lábíyá, síbẹ̀ n kò ní tíì bọ́ ọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ni. Òjò ń rọ̀ ní Powis Street, ní Woolwich, a sì ti wọ bọ́ọ̀sì wá láti Thamesmead nítorí àpò yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí irú rẹ̀, àpò gígùn kan ni tí wọ́n kó òwú tàbí ìyẹ́ ẹyẹ sínú ara rẹ̀. Èèyàn á wọ inú rẹ̀, á fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, á sì sùn nínú àgọ́ nígbà òtútù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Habeebah ni orúkọ mi.

Ilé-ìwé wa ti yan ogún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ gun òkè ní Wales ní ìparí oṣù Kẹta, tí wọn yóò sì sun inú àgọ́ fún alẹ́ méjì. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín wa, ẹgbẹ́ tí kò bá sì pé mẹ́rin kò ní lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ka máàpù fún ẹgbẹ́ tèmi. Ó ti pé ọdún méjì tí èmi àti ìyá mi ti dé London, Dádì mi ṣì ń dúró de ìwé ìwọ̀lú n'Ìbàdàn, èyí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yàn mí fún nílùú yìí. Mo fẹ́ lọ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń tajà níbẹ̀ sún mọ́ wa. Orúkọ rẹ̀, Moráyọ̀, wà ní àyà aṣọ rẹ̀, bó sì ti gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá ló rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, Sátidé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, Mummy," ó ní. "Sleeping bag yìí dáa o, àmọ́ ó ti fẹ̀ jù fún sister yìí, ó sì ti gùn jù. Àwọn ọkùnrin gíga ni wọ́n ṣe é fún."

"Ọmọ ń dàgbà ni," ni ìyá mi dáhùn. "Tí mo bá ra èyí tó bá a mu lónìí, next year ńkọ́? Ṣé kí n tún padà wá ra òmíràn?"

"Mo mọ̀, ma. Mummy tèmi náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ra nǹkan. Ṣùgbọ́n sleeping bag ò dà bíi sweater. Kò sí iná nínú ẹ̀. Ara ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ń mú un gbóná. Tí àyè bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, ara sister á kàn máa gbóná fún àyè lásán ni, òun fúnra ẹ̀ á wá máa gbọ̀n."

Ìyá mi yí àpò náà po, ó rí ibi tí wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́, ó sì fi ìka sí àwọn nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. "Kí ni gbogbo èyí?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí," ni Moráyọ̀ wí. "Èyí tó wà lókè yìí ni ìwọ̀n òtútù téèyàn fi lè sùn dáadáa. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni ìwọ̀n téèyàn kàn fi lè yè, tí kò ní kú. Ti ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò kí wọ́n tó rà á, nítorí ó máa ń dùn ún gbọ́. Ti òkè ni kí ẹ máa wò, ma. Ti òkè èyí dáa fún Wales. Ó kàn tóbi ni. A ní èyí tó mọ níwọ̀n, sister lè dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀ níbí ká jọ wò ó."

"Ọmọ tèmi kọ́ ló máa dùbúlẹ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù," ni ìyá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

Moráyọ̀ yíjú sí mi. "Kí ni school sọ? Wọ́n máa ń fún àwọn parents ní lẹ́tà tó ṣàlàyé irú èyí tó yẹ kí wọ́n rà."

Ìyá mi náà yíjú sí mi. "Ṣé wọ́n fún yín ní lẹ́tà?"

Lẹ́tà náà wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ èjìká, mo ká a sí mẹ́rin sínú ìwé ìṣirò mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbé e kiri, mo sì mọ̀ ọ́n sórí. Ó wí pé kí àpò ìsùn bá ara ọmọ mu, kó má fẹ̀ jù, kó má gùn jù. Ohun tí Moráyọ̀ sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n kọ ọ́ pé ilé-ìwé ní àwọn àpò ìsùn tó dára tí wọ́n ń yá akẹ́kọ̀ọ́, kí òbí tó bá fẹ́ kàn fa ìlà síbẹ̀ kí ó sì buwọ́ lù ú. Ibi tó ń dùn mí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kóòtù ilé-ìwé ni wọ́n yá mi fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ọrùn rẹ̀ nínú pé ti ilé-ìwé ni. Lọ́jọ́ kan tí a ń pààrọ̀ aṣọ, ọmọbìnrin kan gbé e sókè, ó kà á sókè ketekete, àwọn mélòó kan sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé kíláàsì. Èmi kò gbàgbé. Mo sì mọ ìyá mi, kò sí ìtìjú kankan nínú kí wọ́n yáni ní nǹkan lójú rẹ̀. Bó bá rí ibi tí wọ́n ti ní ká fa ìlà, yóò fa á lọ gbọọrọ.

"Rárá," mo ní. "Wọn ò fún wa ní lẹ́tà kankan."

Ìyá mi gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Títí di òní, ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ó ra èyí tó tóbi. Moráyọ̀ ká a fún wa, ó ṣe é pẹ̀lẹ́, ó sì wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan kó tó gba ẹlòmíràn lálejò. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Thamesmead, ìyá mi gbé àpò náà lé itan, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. "Tí Dádì ẹ bá dé," ó ní, "òun náà á lè lò ó." Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń wo òjò.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó lọ sí Wales, tíṣà tó ń kó wa lọ ní kí gbogbo wa kọ́kọ́ lọ sun alẹ́ kan nítòsí ilé, ká fi dánra wò. Ọ̀gbẹ́ni Raymond ni orúkọ rẹ̀, òyìnbó kan tó ga, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, èmi ni mo ń sọ ọ́ di Yorùbá fún yín. Pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó lórí Shooters Hill ni a lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó wa jọ, ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín. Tí òtútù bá mú yín, ẹ sọ. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ sọ. Mi ò ní bínú sí ẹni tó bá sọ."

Èmi àti Ẹwàọlá la jọ wà nínú àgọ́ kan. Ẹwàọlá ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, Thamesmead ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àpò ìsùn tirẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ó tín-ín-rín, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ó wọ̀ mí lójú. Èmi wọ tèmi, mo na ẹsẹ̀ títí, n kò bá ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Habz, swear down, èèyàn mẹ́ta lè wọ inú ẹ̀," ni Ẹwàọlá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ohun gbogbo tí Moráyọ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣẹlẹ̀ sí mi lára. Bí mo bá mú ibì kan gbóná, tí mo bá yí díẹ̀, mo tún ti bọ́ sí ibi tó tutù. Ẹsẹ̀ mi kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹwàọlá ta jí tó bi mí pé, "You good? Ṣé òtútù ń mú ẹ? Gba jacket mi." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dáhùn pé, "I'm calm. Sùn, jàre." Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, wọn yóò bi mí léèrè àpò, bí wọ́n bá bi mí léèrè àpò, ọ̀rọ̀ lẹ́tà yóò jáde. Mo wá sùn báyẹn, tàbí kí n ní mo dùbúlẹ̀ báyẹn, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní òwúrọ̀, wọ́n ní kí n bu omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù. Ìka mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Kẹ́tùlù náà já bọ́, omi gbígbóná sì dà sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kan ẹsẹ̀ Ẹwàọlá. Ó fò sẹ́yìn. Nígbà tó wò mí lójú, kò bínú, ẹ̀rù ló bà á. Ó sáré lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Raymond.

Wọ́n gbé mi jókòó sínú bọ́ọ̀sì kékeré ilé-ìwé, wọ́n tan ìmúgbóná rẹ̀, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò mí, wọ́n sì fún mi ní tíì aládùn. Ọ̀gbẹ́ni Raymond dúró títí ara mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n kó tó sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo ni òtútù ti ń mú ẹ?"

"Láti àná alẹ́, sir."

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Habeebah, mi ò lè mú ẹ lọ sí Wales," ó ní. "Kì í ṣe nítorí àpò. Tó bá jẹ́ àpò ni, màá wá òmíràn fún ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè rí inú gbogbo àgọ́ tó bá di orí òkè. Ẹni tí òtútù ń mú tó sì sọ, mo mọ ohun tí mo lè ṣe fún un. Ẹni tí òtútù ń mú tí kò sọ, òun ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe Wales tèmi nìkan ló lọ. Bí mo bá yọ, ẹgbẹ́ wa ku mẹ́ta, Ẹwàọlá àti àwọn méjì yòókù náà kò ní lọ. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ba nǹkan tiwọn jẹ́.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní kí àwọn òbí wá kó wa. Ìyá mi ti dé kó tó lù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ náà, ó kírun Àsùbáà níbẹ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì tààrà wá sí Shooters Hill pẹ̀lú fíláàsì ògì lọ́wọ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kóòtù òtútù rẹ̀.

"Mummy Habeebah, how far, ṣé o sùn dáadáa?" ni Ẹwàọlá fi kí i. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

"Iṣẹ́ ni mo ṣe mọ́jú, ọmọ mi," ni ìyá mi dáhùn, ó sì fọwọ́ pa á lórí. Nígbà náà ló rí ojú mi láti inú bọ́ọ̀sì, ó sì fi Ẹwàọlá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Raymond ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní àpò náà dára ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ara mi lọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

"Lẹ́tà wo?" ni ìyá mi bi í.

"Lẹ́tà tí gbogbo ọmọ mú lọ sílé nínú oṣù Kìíní."

Ìyá mi wọ inú bọ́ọ̀sì, ó jókòó tì mí, ó ṣí fíláàsì, ó bu ògì fún mi. Ó dúró títí mo fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì sọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè wà láàárín àwa méjì.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì mi pè mí, "níbo ni lẹ́tà wà?"

"Ó wà nílé, Mummy. Inú ìwé ìṣirò mi ni mo pa á mọ́ sí. Ẹ má bínú."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tí o fi pa á mọ́ fún mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà, mo sọ ti kóòtù tí wọ́n yá mi, mo sọ ti yíǹkì pupa àti ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo rò pé yóò bínú nítorí irọ́ tí mo pa fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò le. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ ti fara pa.

"Ọdún méjì," ó ní. "O gbé e kiri fún ọdún méjì, èmi ò sì mọ̀."

Ó gba kọ́ọ̀bù ògì lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ. Mo ń tọ́jú bàbá arúgbó kan níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ fẹ̀, òun sì ti rù. Kò sí bí mo ṣe lè fi duvet bò ó tí òtútù ò ní wọlé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lálaalẹ́ ni mo máa ń ká tówẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì àti sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, títí kò fi ní sí àyè kankan tó ṣófo mọ́. Ó máa ń sùn dòwúrọ̀. Ohun tí sister yẹn ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ọ̀la ni mo ń wò tí mo fi ra ńlá. Mo ní kó bá ẹ dàgbà, kó dé ọ̀dọ̀ Dádì ẹ. Ká ní o sọ pé, 'Mummy, ó ti fẹ̀ jù,' ṣé mi ò ní gbọ́?"

Mo ti rò pé ìyá mi kò ní gbọ́, mo ti rò pé ọ̀rọ̀ òtútù àti àgọ́ kò lè yé e. Òun ló ń lé òtútù kúrò lára àwọn ẹlòmíràn lálaalẹ́, n kò sì fìgbà kan bi í bó ṣe ń ṣe é. Ojú tì mí ju ti ọjọ́ kóòtù lọ.

Ó dìde, ó ní ká lọ síbi àgọ́. Ó tẹ́ àpò ìsùn náà sílẹ̀, ó ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé títí dé ibi tí ẹsẹ̀ mi yóò mọ, ó fi okùn àgọ́ so ó, ó sì ká aṣọ mi gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí n wọ inú rẹ̀, níbẹ̀ lórí koríko, lójú gbogbo èèyàn. Mo wọ inú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, mo mọ ìyàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Raymond ti wá dúró lẹ́yìn wa. Ó wò ó dáadáa, ó sì bi ìyá mi bóyá yóò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó kù rí i. Báyìí ni ìyá mi, tí kò tíì fojú ba oorun láti àná, ṣe dúró lórí Shooters Hill tó ń kọ́ ogún ọmọ bí wọ́n ṣe ń dí àyè òtútù.

Síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Raymond kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Ó ní a ṣì máa rin ìrìn kan ní Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò sì wò mí kí òun tó mọ ohun tí òun máa ṣe.

Nígbà tí a délé, ìyá mi gba lẹ́tà náà, ó fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fa ìlà, ó buwọ́ lù ú. Mo mú un lọ ní Mọ́ńdè. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń yáni ní nǹkan ni Ẹwàọlá, ó gbé àpò aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ dání, ó fẹ́ kí wọ́n bá a tún síìpù rẹ̀ ṣe.

"Ti school ni?" mo bi í.

"Obviously. Ta ló máa lọ ra sleeping bag torí alẹ́ méjì?" Ó wò mí, ó wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi. "Wait, torí ìyẹn lo ṣe ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́jú? Habz, o ya wèrè o." Ó sì dì mọ́ mi níbẹ̀, pẹ̀lú àpò láàárín wa. Mọ́kànlá nínú àwa ogún ló yá tiwọn.

Wọ́n fún mi ní aláwọ̀ ewé, mo sì dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ nílẹ̀ yàrá náà kí n tó gbà á. Èyí tó tóbi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ó ń dúró de Dádì mi.

Sátidé dé. Etí odò Thames ni a rìn, láti Thamesmead lọ sí Woolwich, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti orí omi. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí gìgísẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kò tíì dùn púpọ̀. Mo mọ̀ pé mo lè fara dà á títí a ó fi dé Woolwich, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé bí mo bá dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró lónìí tí wọ́n ń ṣọ́ mi, Ọ̀gbẹ́ni Raymond yóò ní mo tún ti kùnà. Ẹnu mi wúwo. Mo tún rin díẹ̀ sí i. Mo rántí bí ojú Ẹwàọlá ṣe rí nígbà tí kẹ́tùlù já bọ́.

"Sir," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dúró. Bàtà ti ń họ mí ní gìgísẹ̀."

Gbogbo èèyàn dúró. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Raymond padà wá, ó kúnlẹ̀, ó wo gìgísẹ̀ mi tó ti ń pọ́n, ó fún mi ní pílásítà kí n fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé Woolwich, tí àwọn tó kù ń wá bọ́ọ̀sì lọ sílé, ó fa ìwé orúkọ yọ láti inú àpò rẹ̀. Ó fi hàn mí. Ó ti fa ìlà pa orúkọ mi tẹ́lẹ̀. Ó tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kedere, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Báyìí ni mo ṣe dé Wales. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù eré. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo gun ibi gíga kan tí fóònù ti ń mú, mo pe ìyá mi. Ó gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Mummy, ẹ káàárọ̀. Mo sùn."

"Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn títí wọ́n fi jí mi. Ẹsẹ̀ mi tutù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Ẹwàọlá, ó sì fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ mìíràn."

"O sọ fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy, mo sọ fún un."

"Alhamdulillahi." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi náà á lọ sùn wàyí."

"Ṣé ẹ lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ àná ni?"

"Rárá," ó ní. "Off ni mí."

Mo dúró lórí òkè náà pẹ̀lú fóònù létí. Mo ti sùn nínú ohun tó gbóná láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ìyá mi sì jókòó ní Thamesmead, kò sùn, ó ń dúró de ohùn mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ohun tí ojú mi rí ni mo sọ yìí. Ẹ má ṣe rò pé ìdákẹ́ ni ọ̀wọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú fi yín sílẹ̀ nínú òtútù. Ẹni tó fẹ́ràn yín kò lè mọ ibi tó ń dùn yín bí ẹ kò bá sọ. Ẹni tó lè jókòó mọ́jú nítorí mi, kò yẹ kí ohunkóhun ṣòro fún mi láti sọ fún un.